Ọwọ́ Awọ́ra Kò Yún

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí àwọn àlejò ilé ìtura etí òkun náà fọwọ́ lẹ́rán tí wọ́n ń wo ìgbì, igbe kan ta láti yàrá tí wọ́n ti ń fi òróró wọ́ra fún ènìyàn. Kì í ṣe igbe ẹni tó rí eku. Igbe ẹni tí iná ń jó lára ni. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ìyàwó agbaṣẹ́ṣe tó wà ní yàrá kẹfà ti já síta. Ó da aṣọ ìnura alápá rẹ̀ bora, ó sì ń họ ọrùn, ó ń họ ẹ̀yìn, bí ẹni tí ìjàlọ bò.

Ọkọ rẹ̀ sáré láti etí omi, ó gbá a mọ́ àyà, ó gbé e wọlé. Kò pẹ́ tó fi padà jáde, ó sì fa ọkùnrin tó ń wọ́ra náà ní kọ́là.

"Kí lo fi pa ìyàwó mi lára?"

"Ọ̀gá, mi ò fi nǹkan kan pa wọ́n lára."

"Òróró tí o fi pa á ńkọ́? Omi ni?"

Ẹni àádọ́ta ọdún ni Awọ́ra, bí gbogbo ilé ìtura náà ṣe ń pè é. Ó ga, ó ní ọwọ́ ńlá méjì tó rọ̀ bí ìrọ̀rí, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dúró, ó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa mi òun. Agbaṣẹ́ṣe pe àwọn ọlọ́pàá lórí fóònù níbẹ̀. Wọ́n ní aago mẹ́rin ni ọkọ̀ àwọn yóò ráyè dé, kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí ọ̀daràn náà lọ.

Obìnrin kan wà ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kì í ṣe òkun ló ń wò ní gbogbo àsìkò yìí. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é fún odidi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, nítorí wọ́n ní ibi tí àáké kò lè wọ̀, abẹ́rẹ́ á wọ ibẹ̀, á sì fa òwú tẹ̀lé ara rẹ̀. Oṣù mẹ́fà rèé tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ wọn obìnrin ló ní kí òun àti ọkọ rẹ̀, olùkọ́ àgbà kan tí ayé ń pè ní Tíṣà, wá fi ọjọ́ méje sinmi létí òkun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni ìsinmi ti sá fún Abẹ́rẹ́. Ọjọ́ náà ni Tíṣà rí ẹni tí wọn yóò jọ máa ta dírááfù, obìnrin opó kan tí kì í bọ́ fìlà koríko kúrò lórí. Tíṣà tí ẹ̀rín rẹ̀ nílé kì í ju ẹyọ kan lọ lọ́sẹ̀ ti rẹ́rìn-ín ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ yẹn nìkan. Abẹ́rẹ́ kà á.

Mánijà wá bá a, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀. "Màmá, mo mọ̀ pé ẹ kò wá síbí láti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́pàá bá fa ọkùnrin yẹn gba iwájú àwọn àlejò yìí kọjá, òtẹ́ẹ̀lì mi ti kógbá sílé. Ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí wọ́n tó dé."

Abẹ́rẹ́ wo ìdí dírááfù. Tíṣà ń bá Onífìlà gbé àga kúrò lóòrùn.

"Dìde," ó wí fún mánijà. "Ibo ni yàrá náà wà?"

*

Yàrá kékeré ni. Tábìlì gígùn kan wà láàárín rẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí rẹ̀. Aṣọ ìkélé kan gé ibi ìbọ́ṣọ kúrò lápá kan, bẹ́ǹṣì kan sì wà níbẹ̀. Ìgò òróró kan ṣoṣo ló wà lórí pẹpẹ. Awọ́ra dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ìgò yìí lo lò fún un?"

"Òun náà ni mà. Òun náà ni mo lò fún àwọn méjì tó ṣáájú wọn."

"Àwọn wo?"

"Bàbá olùkọ́ kan ní aago mẹ́jọ. Ìyá onífìlà koríko tẹ̀lé wọn ní aago mẹ́sàn-án. Àwọn méjèèjì jọ wá ni."

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ yẹn, Tíṣà sọ fún Abẹ́rẹ́ pé òun ń lọ na ẹsẹ̀ létí omi. Abẹ́rẹ́ gbé ìgò náà, ó sì da òróró náà sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fi pa á, ó dúró dè é. Kò yún un.

"Na ọwọ́ ẹ."

Awọ́ra na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n mọ́, wọn kò pọ́n, wọn kò wú.

"Ibo lo wọ́ dé kó tó pariwo?"

"Àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́ mà. Mi ò tíì dé orúnkún."

Abẹ́rẹ́ ní kó jókòó síbẹ̀. Ó lọ sí yàrá kẹfà.

Ìyàwó agbaṣẹ́ṣe dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ fáànù. Nọ́ọ̀sì ilé ìtura náà ti fi ẹfun ìwòsàn pa á lára. Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹ̀ṣọ́, ó ń họ apá àti àyà. Abẹ́rẹ́ wo ara obìnrin náà dáadáa. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú láti ọrùn dé orúnkún, apá rẹ̀ wú títí dé ọrùn ọwọ́. Níbẹ̀ ló dúró. Àtẹ́lẹwọ́ kò wú, ojú kò wú.

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan," obìnrin náà fèsì.

"Irọ́ ni awọ́ra yẹn ń pa tó bá ní òun kò dé ẹ̀yìn rẹ̀," ọkọ wí. "Mo ti kìlọ̀ fún un lánàá. Mo ní mi ò fẹ́ kí ọkùnrin kankan máa—"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi," ìyàwó dá a lóhùn. "Ẹsẹ̀ nìkan ló fọwọ́ kàn. Ẹ̀yìn ti ń jẹ mí wíríwírí kí n tó dùbúlẹ̀, nígbà tí mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo rò pé oòrùn àná ni."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ sí Abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ tí òróró kàn kò yún, ẹ̀yìn tí òróró kò tíì dé ló ń yún. Ìwọ̀n aṣọ kan ni wíwú náà ní: láti ọrùn dé orúnkún, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ó wo ilẹ̀. Aṣọ ìnura alápá náà wà níbẹ̀, nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n fi òwú pupa kọ wà lára rẹ̀. Ó fi àpò ọ̀rá bo ọwọ́, ó gbé e sójú fèrèsé. Irun tín-tìn-tín kún inú rẹ̀, ó ń dán bí wúrà nínú oòrùn. Ọmọ àgbẹ̀ ni Abẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó dàgbà lóko tí kò mọ wèrèpè, ìtàkùn tí irun èso rẹ̀ ń mú èèyàn fi èékánná bó ara rẹ̀.

Ó yíjú sí agbaṣẹ́ṣe. Ọkùnrin yìí ń jowú, kò sì fi pamọ́. Òun ló kìlọ̀ fún Awọ́ra lójú gbogbo ènìyàn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sì ké lórí tábìlì yẹn lẹ́ẹ̀kan, kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ọlọ́pàá tó bá ń kánjú á ti kó ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ wo ibi tó ń họ.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í yún ẹ?"

"Lẹ́yìn tí mo gbé e wọlé. Kí ló dé?"

Ẹni tó mọ̀ pé wèrèpè wà lára aṣọ kò ní gbá aṣọ náà mọ́ àyà. Abẹ́rẹ́ dá a sílẹ̀ lọ́kàn. "Lọ fi omi tútù ṣan ara ẹ," ó wí fún un, "má sì họ ọ́ mọ́."

*

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ yóò béèrè nígbà yìí pé ta ló gbé aṣọ náà wá. Abẹ́rẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìdí dírááfù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọrí sí. Ó ń ro ó bó ṣe ń lọ: Onífìlà ló wà nínú yàrá yẹn kẹ́yìn kí ìyàwó agbaṣẹ́ṣe tó dé. Onífìlà ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ìyàwó agbaṣẹ́ṣe kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì rẹwà jù ú lọ. Ó to gbogbo rẹ̀ léra wọn, wọ́n dúró dáadáa, ọkàn rẹ̀ sì fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ti lọ bu omi mu. Onífìlà nìkan ló wà nídìí ọpọ́n.

"Ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ wà ní yàrá ìwọ́ra láàárọ̀ yìí," Abẹ́rẹ́ wí.

"Ẹnikẹ́ni kò bi mí."

"Èmi ń bi yín. Kí lẹ ṣe pẹ̀lú aṣọ nọ́ńbà mẹ́fà?"

Obìnrin náà gbé fìlà rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó wò ó. "Ṣé ọ̀rọ̀ aṣọ lẹ bá wá, àbí ọ̀rọ̀ ọkọ?"

Abẹ́rẹ́ yíjú sí ọ̀nà tí Tíṣà gbà lọ.

"Ẹ̀yìn ló ń dun ọkọ yín," Onífìlà ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ kò le. "Kò fẹ́ kí ẹ mọ̀, ó ní ẹ máa ní kí ẹ jọ máa lọ sílé. Èmi ni mo ní kó jẹ́ ká lọ bá Awọ́ra. Ẹ wò ó, láti ọjọ́ tí ẹ dé, ẹ kò bá bàbá yẹn jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ jókòó sí ọ̀ọ́kán, ẹ ń ṣọ́ ọ. Ọdún kẹrin rèé tí tèmi ti kú. Ká ní mo ní ẹni tí mo lè ṣọ́, ìdí rẹ̀ ni mo máa jókòó sí."

Ìtìjú bo Abẹ́rẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má fi ìkórìíra ṣe ẹ̀rí. Òun rèé tó fi owú tirẹ̀ kọ orúkọ ọ̀daràn sílẹ̀, tó wá ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí yóò bá a mu.

"Ẹ má bínú," ó wí. Ó jókòó. "Aṣọ nọ́ńbà mẹ́fà, ṣé ẹ rí i?"

"Kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo wà nínú yàrá. Nígbà tí mo ń jáde ni mo pàdé obìnrin tó ń fọṣọ, tó ń gbé e bọ̀. Ó jọ mí lójú, torí ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, bí ẹni tó gbé ìkòkò gbígbóná."

*

Aláṣọ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń fọṣọ ilé ìtura náà. Ẹ̀yìn ilé ni yàrá rẹ̀ wà. Bó ṣe ń lọ, Abẹ́rẹ́ gba ìdí okùn ìsáṣọ kọjá. Wèrèpè ti gun ọgbà onígi tó wà lẹ́yìn okùn náà. Ó dúró, ó ka èso tó so sí ìsàlẹ̀. Irun bo gbogbo wọn àfi mẹ́ta tí ẹnì kan ti fi nǹkan fá kodoro.

Èyí kò tíì tó. Ẹnikẹ́ni tó bá rìn dé ibẹ̀ lè fá a, ó sì lè fi sára aṣọ tó wà lórí okùn. Aláṣọ ló gbé e lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni ìyàwó agbaṣẹ́ṣe fi ṣe é?

Obìnrin náà ń lọ aṣọ nígbà tó wọlé. Ẹni ọdún márùnlélógójì ni, ó pupa, ó tẹ̀ díẹ̀ níbàdí, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

"Mánijà ní aago mẹ́fà lo máa ń dé."

"Kí ni mánijà mọ̀? Ó ṣì ń hanrun nígbà tí mo ti fọ ogójì aṣọ. Kó tó jí, màá ti sá wọn tán."

"Ìwọ lo gbé aṣọ nọ́ńbà mẹ́fà lọ síbi ìbọ́ṣọ?"

"Èmi ni mà. Iṣẹ́ mi ni."

"Ǹjẹ́ o mọ ẹni tó ni ín?"

"Ẹnu rẹ̀ ni mo mọ̀. Ó lè sọ̀rọ̀."

Abẹ́rẹ́ ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ. "Ó mà ṣe o. Aago mẹ́rin ni ọlọ́pàá ń bọ̀ wá mú Awọ́ra."

Áyọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà dúró sójú kan títí aṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ó gbé e kúrò.

"Ṣé wọ́n ti fún wọn lóúnjẹ?" ó béèrè, kò gbé ojú sókè. "Wọn ò fi nǹkan kan sẹ́nu kí wọ́n tó jáde nílé láàárọ̀."

"Àwọn ta ni?"

"Awọ́ra."

Abẹ́rẹ́ dúpẹ́, ó jáde. Kò rìn ju ogún ẹsẹ̀ lọ tó fi dúró lábẹ́ igi kan, tó rẹ́rìn-ín músẹ́. Obìnrin yìí ń pe mánijà tó jù ú lọ ní "ó". Ó ń pe àlejò olówó ní "ó". Awọ́ra nìkan, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ inú ilé ìdáná pàápàá ń bá ṣeré, ni "wọn" lẹ́nu rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé kò jẹun kó tó kúrò nílé. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n pe ọkùnrin kan ní "wọn". Ó mọ irú "wọn" tó jẹ́.

Ó ya ọ̀dọ̀ mánijà. "Ǹjẹ́ tọkọtaya lè jọ ṣiṣẹ́ níbí?"

"Rárá mà. Òfin tó ti wà tipẹ́ ni. Tọkọtaya tó bá jọ wọlé síbí, tí a bá mọ̀, àwọn méjèèjì ló ń lọ."

*

Awọ́ra ṣì jókòó síbi tó fi í sí.

"Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe òróró," Abẹ́rẹ́ wí. "Aṣọ ni. Ẹnì kan gbọn wèrèpè sínú aṣọ ìnura nọ́ńbà mẹ́fà."

"Aṣọ?" Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Màmá, ẹ má dára yín láàmú mọ́. Èmi ni mo ṣe é."

"Ìwọ?"

"Èmi ni mà."

"Láti àárọ̀, o fi ara ẹ búra pé o kò mọ nǹkan kan. Agbaṣẹ́ṣe fẹ́ lù ọ́, o kò jẹ́wọ́. Mo dárúkọ aṣọ, o jẹ́wọ́. Ibo lo ti já wèrèpè náà?"

"Inú igbó. Lójú ọ̀nà."

"Irọ́. Ọgbà ẹ̀yìn ibi ìfọṣọ ló ti wá, o kò sì mọ̀." Abẹ́rẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọdún mélòó lẹ ti jọ wà?"

Èjìká ọkùnrin náà wálẹ̀. "Méjìdínlógún," ó wí. "Ọ̀nà òkun lèmi ń gbà wá sí iṣẹ́, ọ̀nà títì lòun ń gbà. Tí a bá pàdé níbí, Aláṣọ ni mo ń pè é bíi gbogbo èèyàn. Mà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi. Èmi lè fara da àtìmọ́lé."

Abẹ́rẹ́ dìde. Ó padà sí yàrá ìlọṣọ, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ọkọ ẹ ti jẹ́wọ́," ó wí. "Ó ní òun ló ṣe é."

Aláṣọ fa okùn áyọ́ọ̀nù yọ. Ó ká a lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ bí ẹni pé ìyẹn nìkan ló kù láti ṣe láyé. "Wọ́n parọ́," ó wí. Ó wá jókòó sórí òkìtì aṣọ tí kò tíì lọ̀. "Èmi ni mà. Ara obìnrin yẹn ni mo fẹ́ kó yún. Mi ò ronú pé ọwọ́ wọn ni wọ́n máa sọ pé ó fà á. Mo ti ń gbìyànjú láti wá sọ ọ́ láti àárọ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi."

"Kí ló ṣe ẹ́?"

"Àná ni mo lọ kó táwẹ́lì nínú yàrá yẹn. Mo bá a lórí tábìlì, tó dijú. Ó ní, 'Ká ní mo ní irú ọwọ́ yìí nílé, mi ò ní jáde mọ́.' Ọkọ mi gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ní irú ọwọ́ yìí nílé, mà." Omijé bọ́, kò nù ún. "Láti ọdún méjì tí mo ti ń dúró lọ aṣọ, ìbàdí mi ò jẹ́ kí n sùn. Tí mo bá ní kí wọ́n bá mi wọ́ ọ, wọ́n á ní ó ti rẹ ọwọ́ àwọn. Àwọn obìnrin ayé ti lò ó tán kó tó délé. Èmi sì nìyí, tí mi ò tiẹ̀ lè sọ fún ẹnì kan níbí pé tèmi ni."

Abẹ́rẹ́ ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ lóríṣiríṣi láyé rẹ̀, olè, apànìyàn, gbájú-ẹ̀. Kò sí èyí tó gbọ́ tó jọ pé ẹnì kan ń kà á jáde láti inú òun fúnra rẹ̀ bí èyí.

"Dìde," ó wí. "O máa sọ ọ́ fún wọn kí ọlọ́pàá tó dé. Màá dúró tì ọ́."

*

Aláṣọ sọ ọ́ nínú ọ́fíìsì mánijà, títí dórí pé Awọ́ra ni ọkọ òun, níwájú agbaṣẹ́ṣe àti ìyàwó rẹ̀ àti Awọ́ra fúnra rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ní dandan ni kó lọ ṣàlàyé ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́ obìnrin náà. Níkẹyìn ó ní, "Ó yẹ kó lọ kọ ọ́ síwèé. Ara ló ń ta mí yìí. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e lọ sílé ẹjọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ á gbé e lọ láìsí èmi."

Mánijà ní Aláṣọ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá wo Awọ́ra, ó ní bóyá a lè fi ojú fo òfin dá fún ẹnì kan, torí àlejò ń torí ọwọ́ rẹ̀ wá. Awọ́ra bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó fi lé orí tábìlì mánijà.

Tíṣà bá Abẹ́rẹ́ lórí àtẹ̀gùn, ó jókòó tì í, ó rọra dá ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún dúró.

"Wọ́n ní o fẹ́ mú ọ̀rẹ́ mi lọ sẹ́wọ̀n."

"Mo ṣìnà díẹ̀," Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ̀rín yín ni mo ń kà láti ọjọ́ mẹ́ta."

"Ó jẹ́ mélòó?"

"Mọ́kànlélógún."

Tíṣà rò ó. "O fo méjì. Tìtorí tìẹ la ṣe rín méjèèjì."

Ọkọ̀ ọlọ́pàá dé kí aago mẹ́rin tó lù. Ọlọ́pàá méjì ló wá, ọ̀kan nínú wọn mọ Abẹ́rẹ́, ó sì kí i bí ọ̀gá. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Aláṣọ, obìnrin náà sì wọlé, ó fi ọwọ́ di ìbàdí mú. Àwọn àlejò dúró lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò. Awọ́ra rìn kọjá láàárín gbogbo wọn láìwo ẹnikẹ́ni, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ojú sókè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, ó bá a sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

"Ṣé ẹ ń bínú sí mi?"

"Mo ń bínú," ọkùnrin náà wí. "Sún sínú díẹ̀."